Àwòrán tí Kì í Pariwo

Nínú gbogbo ohun tí a fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní ọdún àjọ̀dún yìí, ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ètò tí ìgbìmọ̀ fi ránṣẹ́ sí wa. Ètò náà dára púpọ̀: ẹnu-ọ̀nà tuntun, ọ̀dà tuntun sí ara gbọ̀ngàn, pátákó gíga tí a ó kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sí kí ẹni tí ń kọjá lójú títì lè kà á. N kò lòdì sí ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún yàrá iṣẹ́ ọnà, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ wa láti ya òkè tí ó yí wọn ká ní ọ̀nà tí kò ní ariwo nínú. Àlùfáà ni mí, èmi kì í ṣe ayàwòrán. Ohun tí mo mọ̀ nípa àwòrán, wíwò ni mo fi mọ̀ ọ́, láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìsìn títí di òní. Mo sì gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òbí gan-an ju bí ó ti kan àwọn ayàwòrán lọ.

Irú àwòrán tí mò ń sọ ní orúkọ láàárín àwọn onímọ̀: tonalism ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti gbilẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1880 títí di nǹkan bí ọdún 1915. Àwọn tí ń ṣe é kì í sábà ya ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá tú ohun gbogbo sí gbangba. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n yàn, àti ìrọ̀lẹ́, àti òru òṣùpá, àti wákàtí tí kùrukùru bá bo pápá. Àwọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Bí ayàwòrán bá fi àwọ̀ ewé gbígbẹ bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ náà ni yóò gba gbogbo àwòrán kan. Yóò ṣú ní ibì kan, yóò sì mọ́lẹ̀ ní ibòmíràn. Wọn kì í fi ìlà líle pààlà sáàárín igi àti òfuurufú. Wọn a máa fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi dàbí ẹni pé inú àwòrán náà gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde wá. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú kọjá lára rẹ̀ lè sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró yóò kọ́kọ́ rí odò kan, lẹ́yìn náà yóò rí ilé kan, bí ó bá sì tún pẹ́ díẹ̀, yóò rí ènìyàn kan tí ń rìn lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ irú àwòrán yìí lórúkọ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá, nítorí pé ohùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Èdè olóhùn ni èdè wa. Igbá, igba, ìgbà: lẹ́tà kan náà ni, ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tí kò bá sì fetí sílẹ̀ dáadáa yóò gbé igbá fún ẹni tí ó béèrè igba náírà. Àwọn aláró wa mọ̀ pé bákan náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ rí. Aró kan náà ni, ìkòkò kan náà ni. Aṣọ tí a rì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò mú àwọ̀ sánmà òwúrọ̀ jáde, èyí tí a rì, tí a sá, tí a tún rì léraléra, yóò dúdú títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òru. Ẹ tún wo etù àti sányán, aṣọ àwọn àgbà. Ẹnikẹ́ni kì í rí sányán láti òkèèrè kí ó pariwo, nítorí pé àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni ó ní. Síbẹ̀, nígbà tí àgbà bá wọ̀ ọ́ wọ inú agbo, àwọn tí ó mọ aṣọ yóò mọ ẹni tí ó wọlé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹwà jẹ́jẹ́ jẹ́ àṣà òyìnbó tí a fẹ́ gbé wọ ọmọ wa lọ́rùn.

James McNeill Whistler, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó fi Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe ilé, wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà yìí. Odò Thames ní òru ni ó fi lókìkí. A máa dúró létí odò náà, a wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà a yí ẹ̀yìn padà sí i, a sì máa ka ohun tí ó rí láìwo ẹ̀yìn, bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ń ka àkọ́sórí, kí ó tó lọ yà á ní ilé. Inú orin ni ó ti wá orúkọ fún àwọn àwòrán wọ̀nyí: Nocturne ni ó pè wọ́n, èyí tí í ṣe orin òru. Ní 1877, John Ruskin, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òfin lórí iṣẹ́ ọnà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀kan nínú wọn débi pé Whistler pè é lẹ́jọ́. Whistler jàre ní 1878, ṣùgbọ́n farthing kan ṣoṣo, ìdá mẹ́rin pẹ́nì kan, ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san fún un, gbèsè sì bò ó mọ́lẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Lónìí, àwọn àwòrán òru náà wà lára ohun iyebíye ayé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ jù lọ ni Edward Mitchell Bannister, nítorí pé ènìyàn dúdú bí tiwa ni. A bí i ní New Brunswick, ní ilẹ̀ Kánádà, ní 1828. Ó ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ní Boston, ìyàwó rẹ̀, Christiana, ẹni tí ń ṣe irun, sì fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ ràn án lọ́wọ́ kí ó lè ráyè yàwòrán. Ní 1867, ìwé ìròyìn kan ní New York kọ ọ́ pé ènìyàn dúdú lè fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bannister lára. Ní 1876, nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe ìpàtẹ ńlá ní Philadelphia láti fi ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira rẹ̀, àwòrán rẹ̀ tí ó pè ní Under the Oaks gba àmì ẹ̀yẹ kìn-ín-ní. Nígbà tí àwọn adájọ́ rí àwọ̀ ara ẹni tí ó yà á, wọ́n fẹ́ yí ìdájọ́ wọn padà. Àwọn ayàwòrán aláwọ̀ funfun tí ó bá a díje ni wọ́n kọ̀, tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí ni ó yà tí ó fi gba ẹ̀yẹ yìí? Igi oak ni. Kò ya ogun, kò ya ọba, kò sì kọ ọ̀rọ̀ ìbínú sí ara kánfáàsì. Ó ya igi àti ìmọ́lẹ̀ tí ó kọjá láàárín wọn, ó sì yà á dé ibi tí ẹ̀rí fi dá ara rẹ̀ jẹ́.

Kí a má ṣe rò pé ojo ni ọkùnrin yìí. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tí ó jà fún ìdáǹdè àwọn ẹrú, Christiana sì kó owó jọ fún àwọn ọmọ ogun dúdú tí ìjọba kò fẹ́ san owó oṣù fún dọ́gba pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ohùn jẹ́jẹ́ kì í ṣe ohùn ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1901, ibi ìpàdé àdúrà ni Bannister wà nígbà tí ikú dé bá a.

Henry Ossawa Tanner, tí a bí ní 1859, ọmọ inú ilé àlùfáà ni. Bàbá rẹ̀, Benjamin Tucker Tanner, di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ African Methodist Episcopal. Ní nǹkan bí ọdún 1885, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ya òkìtì iyanrìn etíkun Atlantic City ní ìgbà tí oòrùn ń wọ̀: iyanrìn, koríko, òfuurufú, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1996, wọ́n ra àwòrán náà sí White House, òun sì ni iṣẹ́ ayàwòrán aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó wọ inú àkójọ ilé náà. Ìtàn Bíbélì ni Tanner yà jù nígbà tí ó dàgbà, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀kọ́ iyanrìn náà sílẹ̀. Nínú àwòrán tí ó ya ní 1898 nípa ìgbà tí Gébúrẹ́lì bẹ Màríà wò, áńgẹ́lì náà kò ní ìyẹ́, kò sì ní ojú. Ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ kan lásán ni ó dúró nínú yàrá, ọmọbìnrin kékeré kan sì jókòó sí orí ibùsùn rẹ̀, ó ń wò ó. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwàásù lórí ibi kíkà yẹn, èmi náà sì ti ṣe tèmi. Díẹ̀ ni èyí tí ó sọ tó ohun tí àwòrán náà sọ.

Bí a bá padà sí ilé, a ó rí i pé ẹ̀gàn tí wọ́n fi kan Bannister ni Aina Onabolu bá pàdé ní Nàìjíríà. Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí, ní 1882. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé kò sí ohun tí ọmọ Áfíríkà fẹ́ fi yíya àwòrán ṣe. Ó kọ́ ara rẹ̀, ó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1920 láti kọ́ ọ sí i, ó padà dé ní 1922, ó sì ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú. Ìjà tirẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba mú Kenneth Murray wá ní 1927 láti wá kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn tẹ̀ lé. Abayomi Barber, ọmọ Ilé-Ifẹ̀, tí a bí ní 1928, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí abẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó. Àpáta, igi àti ìkùukùu ń sọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, ènìyàn ni ó máa ń yà, kì í ṣe òkè, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti lo àwọ̀ aró! Òun kan náà, Mùsùlùmí, ni ó ṣe gíláàsì aláràbarà fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èkó, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ wọlé sórí àwọn olùjọ́sìn títí di òní. Àwọn méjèèjì fi ayé sílẹ̀ ní ọdún kan náà, 2021.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìta fèrèsé wa. Bí ibì kan bá wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó yẹ irú àwòrán yìí, Ìdànrè ni. Wole Soyinka ti fi orúkọ òkè wa sọ ìwé ewì rẹ̀ tí ó jáde ní 1967. Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé tí UNESCO kọ orúkọ àwọn ibi tí a ń fẹ́ kí ayé dá mọ̀ sí. Àwọn àlejò ń gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 lọ sí ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn baba wa gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a gbé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ yìí mọ ohun tí àlejò ọjọ́ kan kò lè mọ̀. A mọ òwúrọ̀ ọyẹ́. Ní àkókò náà, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá a dúró sáàárín ojú wa àti òkè. Òkè tí ó sún mọ́ wa jù a dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ a dàbí eérú. Ẹ̀kẹta a fúnfun bí omi ẹ̀kọ. Ẹ̀kẹrin, kò dá wa lójú bóyá òkè ni tàbí òfuurufú. Nígbà tí agogo àdúrà òwúrọ̀ bá lù, tí a tò sórí ìlà nínú òtútù, ọ̀pọ̀ nínú wa ń wo òkè tí ń jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí a di ojú. Àpáta kan náà ni, òkúta kan náà ni; ohùn ni ó yàtọ̀. Ohun tí Whistler ń wá létí odò Thames, ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run ń yà á fún wa ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní.

Kí ni a wá fi kọ́ sí ara ògiri wa? Iṣẹ́ mi ń gbé mi wọ pálọ̀ púpọ̀, mo sì ti wo ara ògiri wọn nígbà tí mò ń dúró de onílé. Ní ilé kan lẹ́yìn òmíràn, mo rí òkè oníyìnyín ilẹ̀ Súwísì nínú férémù aláwọ̀ góòlù, mo rí omi tí ń ya lulẹ̀ láti ibi tí onílé kò dé rí, àwọ̀ wọn sì ń dán débi tí ojú fi ń ro ni. Bí a bá ṣí fèrèsé ilé kan náà, àpáta tí ayé ń rìnrìn àjò wá wò wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa pẹ̀lú ń gun òkè náà, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n á gbé fóònù sókè, wọ́n á ya ojú ara wọn, fóònù náà á sì fi kún àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọ̀run títí òkè náà kò fi ní jọ ara rẹ̀ mọ́. N kò bá wọn jà. Ohun tí ń dùn mí ni pé ọmọ lè ṣe ọdún mẹ́fà ní abẹ́ òkè kí ó má sì rí i rí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní Yorùbá fẹ́ràn ohun tí ń dán, pé irú àwòrán báyìí ń mú ni lọ́kàn rẹ̀wẹ̀sì. Òótọ́ ni pé a fẹ́ràn aṣọ ẹbí aláwọ̀ títàn, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ìlú tí ń lu dùndún náà ni ó ń fi orin pẹ̀lẹ́ rẹ ọmọ lẹ́kún. Àkókò wà fún méjèèjì, ó sì dà bí ẹni pé ọ̀kan ti fẹ́ parun mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn mìíràn yóò ní kùrukùru lè jẹ́ ibi ìsápamọ́ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí. Ọ̀lẹ lè fi eruku bo ìlà tí kò tọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ wa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Onabolu ti bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ kọ́kọ́ mọ ìlà fà, kí ó mọ bí ohun tí ó jìnnà ti rí, kí ó tó gba àṣẹ láti fi í pamọ́.

Ìbéèrè tí ó le jù ni ti òbí tí ó fẹ́ mọ ohun tí àwòrán yóò ṣe fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ ìdánwò. Èmi kò ní tàn yín. Díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni yóò fi àwòrán jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kòkó ní ìlú yìí bóyá ojú tí ó mọ ohùn àwọ̀ wúlò. Òun ni ó mọ ìyàtọ̀ láàárín èso tí ó pọ́n àti èyí tí ó kù fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tí ń ra kòkó a la hóró rẹ̀ sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá ṣì ní àwọ̀ àlùkò, ó mọ̀ pé wọn kò bò ó pẹ́ tó kí wọ́n tó sá a, owó yóò sì dínkù. Nọ́ọ̀sì tí ó tètè rí i pé funfun ojú aláìsàn ti ń yí padà kí ó tó pọ́n pátápátá lè gba ẹ̀mí là. Ìyá tí ó rí i pé ojú ọmọ òun kò rí bí ti àná, kí ọmọ náà tó sọ̀rọ̀, ohùn àwọ̀ ni òun náà ń gbọ́. Ẹ̀kọ́ wíwò ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, kò sì sí iṣẹ́ kan nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ọmọ yín ṣe tí kò nílò rẹ̀.

Ó tún kù ibì kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan iṣẹ́ tèmi. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Èlíjà ní orí òkè Hórébù, bí ìjì, ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná ti kọjá, tí Olúwa kò sí nínú ọ̀kankan wọn, àti bí wòlíì náà ti bo ojú rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ohùn tí ó kéré jù nínú gbogbo wọn. A ń ka ìtàn yìí, lẹ́yìn náà a ń yí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè. Ọmọ tí kò lè dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú òkè, n kò mọ bí yóò ti ṣe dúró níwájú Ẹni tí ó dá òkè. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ojú pẹ̀lú wà lára ohun tí a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sọ̀ mú.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún kò pọ̀. Kí a tún yàrá iṣẹ́ ọnà ṣe, kí a sì wá olùkọ́ kan tí ó mọ iṣẹ́. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì kan ya òkè kan náà ní ìgbà mẹ́rin láàárín ọdún: nínú ọyẹ́, ní àkọ́rọ̀ òjò, ní ìgbà tí òjò dá ní oṣù Kẹjọ, àti ní ìkórè kòkó; àpáta kan, àwọ̀ mẹ́ta péré. Kí a yan mẹ́wàá tí ó dára jù, kí a fi wọ́n kọ́ sí ara ògiri gbọ̀ngàn tí a fẹ́ kùn ní ọ̀dà tuntun. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́-jáde sì ra ìyókù ní iye tí ó yẹ, kí owó rẹ̀ padà sínú yàrá náà, kí àwòrán náà sì gba ipò òkè Súwísì ní pálọ̀ wa. Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, kí a dín gíga pátákó ojú títì kù díẹ̀. Àwọn tí ń kọjá yóò ṣì rí i kà.

Kí Olúwa kí ó bùkún ilé ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì la ojú àwọn ọmọ rẹ̀.